Ọkọ̀ Tí Kò Bẹ̀rù Ẹrẹ̀: Ta Ló Ń San Owó Agbára Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Hilux ló délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa kò ju ìbéèrè kan lọ: bí owó bá wà lọ́wọ́, ṣé píkọ́ọ̀pù tó lè gba inú ẹrẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn rà ni, àbí ọkọ̀ kékeré tí kò ní wàhálà? Àwọn kan nínú wa ní ọkọ̀ tí kò bá lè gba inú kòtò kọjá kì í ṣe ọkọ̀ fún Nàìjíríà. Àwọn yòókù ní ẹni tó bá ra Hilux ti gba ọmọ tí kì í yó sílé.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́, nítorí náà a kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyẹn. A lọ wo ibi tí irú ọkọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, àti ohun tó ná àwọn tó ti ní in ṣáájú wa. Ohun tí a rí ni pé kò sí agbára kan lára píkọ́ọ̀pù tí wọn kò fi nǹkan mìíràn pààrọ̀. Ibi tó wá dùn wá ni pé ẹni tó ń jẹ àǹfààní agbára náà kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Ogun ló bí i. Ní 1940, àwọn ológun Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ kékeré tó lè gba inú ẹrẹ̀, inú iyanrìn àti orí òkúta. Bantam ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Willys àti Ford ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, iye tó lé ní 600,000, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí. Jíìpù nìyẹn. Nígbà tí ogun tán, jíìpù àlòkù kún ilẹ̀ Yúróòpù. Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Rover ní Ìlú Ọba, ń lo ọ̀kan lóko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey, ní Wales. Ọkọ̀ náà wúlò fún un gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó lè fi rọ́pò rẹ̀ bó bá bàjẹ́. Ní 1947, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1948, wọ́n gbé Land Rover jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam.

Ẹ wo pààrọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ogun, irin ṣọ̀wọ́n ní Ìlú Ọba, ìwọ̀nba ni ìjọba ń pín fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Alumíníọ̀mù ló wà nílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe ara Land Rover. Kì í dípẹtà bí irin, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n irin ni férémù tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, irin sì ń dípẹtà, débi pé ara ọkọ̀ á máa dán lójú nígbà tí egungun rẹ̀ ń jẹrà lábẹ́. Wọ́n ṣe é kí àgbẹ̀ lè so ẹ̀rọ oko mọ́ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, kó fi ṣiṣẹ́ lójú kan. Ìtura kò sí nínú àdéhùn náà rárá. Ó le bí pákó, ó ń pariwo, kò sì yára. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, àgbẹ̀ ò sì bèèrè tìmùtìmù.

Kò pẹ́ tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ológun, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Áfíríkà àti Éṣíà ló gbà á mọ́ra. Nílẹ̀ wa, kí òmìnira tó dé ní 1960 àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí Land Rover bá wọ abúlé, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ìjọba rán. Àgbẹ̀ kòkó tó ń gbé abúlé yẹn gan-an, orí ló fi ń rẹrù, tàbí kó máa retí bọ́lẹ̀kájà tí kò ní yọjú bí òjò bá ti rọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n tìtorí àgbẹ̀ ṣe, ẹni tó ń bẹ àgbẹ̀ wò ló ń gùn ún.

Níbí yìí la fẹ́ dúró díẹ̀ sí. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde. Agbẹ́kọ̀yà ni. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n wọ́ lọ sí Mápó. Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí ni ọ̀rọ̀ owó orí: òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn máa san, kò ní lé. Àwọn tó mọ ìtàn rántí Táfà Adéoyè láti Àkànràn pẹ̀lú. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni pé títún ọ̀nà abúlé ṣe wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ náà ń bèèrè. Owó orí kò fúyẹ́ lójú ẹni tí kòkó rẹ̀ kò mówó gidi wá, ọ̀nà tó yẹ kó gbà gbé kòkó náà dé ọjà sì ti bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Wọn kò ní kí ìjọba fún àwọn ní Land Rover. Ọ̀nà ni wọ́n bèèrè.

Lójú tiwa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán lọ. Bí ọ̀nà bá dára, alákòóso àti aláǹgbàá jọ ń jàǹfààní rẹ̀ ni. Bí ọ̀nà bá burú tí ọkọ̀ alágbára sì wà, ẹni tó ní ọkọ̀ á kọjá, ẹni tí kò ní á máa bá ẹrẹ̀ jà. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ń pín owó ọ̀nà ló wà nínú ọkọ̀ alágbára yẹn, ìgbà wo ni ẹrẹ̀ máa kàn án?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọkọ̀. Àwọn ará Japan náà wo jíìpù kọ́ṣẹ́ ni. Ní 1951, Toyota ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní BJ, wọ́n sì wà á gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà, ibi tí ọkọ̀ kankan kò tíì dé rí. Ọlọ́pàá ilẹ̀ Japan rí i, wọ́n ní kí wọ́n ṣe 289 fún àwọn. Ọkọ̀ yẹn ló di Land Cruiser ní 1954. Ẹ ò rí i pé kò tíì yí padà: ológun ló kọ́kọ́ rà á, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e, aráàlú ló kẹ́yìn.

Hilux tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ bí akọni. Nígbà tó jáde ní 1968 láti iléeṣẹ́ Hino ní Hamura, táyà ẹ̀yìn méjì péré ló ń tì í. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n gé pọ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀kan túmọ̀ sí gíga, èkejì sí afẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó sí ẹ̀yìn Hilux láti Ṣakí dé Ìgbòho mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọdún 1979 ni wọ́n tó ṣe èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní fọ́ọ̀wíìlì. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti ń ròkè.

Bí a bá wo abẹ́ rẹ̀, a óò rí ibi tí pààrọ̀ wà. Sípírìn ẹ̀yìn rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ni. Ó lè gbé tọ́ọ̀nù kan láì wó. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù kan kò ní tẹ̀ nítorí ẹni méjì tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, á máa ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú lókùn. Lórí ọ̀dà tí òjò ti rin, ẹ̀yìn tí kò ní ẹrù yẹn lè yọ̀, kó yí ojú ọkọ̀ padà síbi tó ti ń bọ̀. Ó ga kí òkúta má baà bu abẹ́ rẹ̀ jẹ. Gíga yẹn kan náà ló mú kó tètè ṣubú ju ọkọ̀ kékeré lọ bí dírẹ́bà bá ya kọ́nà láìrọra.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀wíìlì gan-an ni kò yé ọ̀pọ̀ tó ń fi í yangàn. Lára Hilux tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti fa ọ̀pá gíà kékeré yẹn ni pé táyà iwájú àti tẹ̀yìn á so pọ̀, ìyára kan náà ni wọ́n á máa fi yí. Nínú ẹrẹ̀, ìyẹn dára, torí pé ilẹ̀ rọ̀, táyà tó bá fẹ́ yọ̀ díẹ̀ á yọ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Irin tó wà láàárín ni yóò máa lọ́ra, títí ohun kan yóò fi kán. Kò sì sí àǹfààní kankan nínú rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì: táyà mẹ́rin ló ń dá ọkọ̀ kékeré náà dúró. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, bó wọ inú ẹrẹ̀ bí kò wọ̀ ọ́, ọkọ̀ yìí ń gbé àwọn irin wọ̀nyí kiri, epo ló sì fi ń gbé wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí pààrọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè, kó wo ilẹ̀ Chad. Láti 1986 wọ 1987, Chad ń bá Líbíà jà lórí apá àríwá ilẹ̀ rẹ̀. Líbíà ní ọkọ̀ ogun onírin, wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú. Àwọn ọmọ ogun Hissène Habré ní píkọ́ọ̀pù Toyota, tí wọ́n gbé ìbọn ńlá àti mísáìlì MILAN tí Faransé fún wọn lé lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 1987, wọ́n kọlu àwọn ọmọ ogun Líbíà ní Fada. Ìṣirò tí àwọn òpìtàn ń lò ni pé ọmọ ogun Líbíà 784 ló kú níbẹ̀, ọkọ̀ ogun onírin 92 sì bàjẹ́. Ní ti Chad, ènìyàn 18 àti Toyota mẹ́ta ni wọ́n pàdánù. Nínú oṣù Kẹta, wọ́n gba Ouadi Doum, ibùdó ológun Líbíà tó tóbi. Kò yani lẹ́nu pé Ogun Toyota ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ìhà yìí ni àwọn olólùfẹ́ Hilux máa ń sọ tán tí wọ́n á dákẹ́. Ìtàn kò parí síbẹ̀. Eré tí píkọ́ọ̀pù ń sá nínú aṣálẹ̀, kò rí i sá tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé kò gbé irin ààbò kankan. Páànù lásán ló wà láàárín ọmọ ogun àti ọta ìbọn. Nígbà tí Chad gba Aouzou nínú oṣù Kẹjọ, Líbíà da àdó olóró lù wọ́n láti òkè lemọ́lemọ́, wọ́n sì gba ìlú náà padà kí oṣù tó parí. Ní ojúko kan lábẹ́ òfurufú, eré kò wúlò. Ìwọ́wọ́ ìbọn dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Ní 1994 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé tó dá ilẹ̀ Aouzou láre fún Chad. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ló fi ara wọn ṣe irin ààbò tí ọkọ̀ náà kò ní.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò oko nílẹ̀ Yorùbá kò fi fọ́ọ̀wíìlì ṣiṣẹ́ rí. Lóòótọ́, iléeṣẹ́ Leyland to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn fún ìgbà kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa fi kó iṣu, ẹ̀gẹ́, obì àti ewúrẹ́ ni Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, Pijó tí gbogbo ayé mọ̀. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Sípírìn onírin pẹlẹbẹ lòun náà ní lẹ́yìn, ó ń gbé tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀ bí a bá fi ti ìwé rẹ̀ ṣe. Ohun tí wọ́n ń dì lé e ní ọjọ́ ọjà kò sí nínú ìwé kankan. Iléeṣẹ́ Peugeot ti wà ní Kàdúná láti 1975, nítorí náà kò sí ìlú tí mẹkáníìkì Pijó kò sí, kò sì sí páàtì tí kò ní àlòkù.

Bàbá ọ̀kan nínú wa, ní Òkè-Ògùn, fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n fi fọ́ọ̀wíìlì tòkúnbọ̀ kan lọ̀ wọ́n nígbà kan, owó rẹ̀ kò tilẹ̀ jìnnà sí agbára wọn. Wọ́n wò ó yípo, wọ́n ní ọkọ̀ tí mẹkáníìkì rẹ̀ bá wà ní Ìbàdàn nìkan, ti Ìbàdàn ni. A kò rí ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ríra ọkọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Pijó bá kú sójú ọ̀nà, ọmọ iṣẹ́ kan á gbé àpótí irinṣẹ́ dé orí ọ̀kadà, yóò tún un ṣe lábẹ́ igi, wọn á sì dé ọjà kó tó di ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ìpinnu yẹn náà ní owó tirẹ̀. Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹwàá, Pijó kò lè dé oko. Orí ọ̀nà ńlá ló ń dúró sí, tó tó máìlì méjì sí ibi tí ẹrù wà. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ló ń fi orí ru ẹ̀gẹ́ já. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti fà tu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó lè má pé ọjọ́ mẹ́ta tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Ẹni tó jẹ́ ọ̀kan nínú wa yìí sọ pé ọrùn ìyá àwọn ni fọ́ọ̀wíìlì tí bàbá àwọn kò rà. A jókòó sórí ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ìṣirò tí bàbá ṣe tọ̀nà dé kọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn, àmọ́ agbára tí wọn kò fowó rà, ẹnìkan ṣì pèsè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó.

Lónìí, Pijó ti ń pòórá, Hilux ló gba ìgboro. Ẹ ka iye tí ẹ rí láàárọ̀ kan ní Ìbàdàn, kí ẹ wo iye tó gbé iṣu nínú wọn. Ọlọ́pàá ló wà lẹ́yìn èyí, olóṣèlú ló wà nínú ìyẹn, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé wà lẹ́yìn ọ̀kan sí i. Nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 2020, píkọ́ọ̀pù ni wọ́n tò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. A kò bínú sí ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ lé ajínigbé nínú igbó kò lè fi ọkọ̀ kékeré lé e, ààbò oko sì jẹ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa ń ké fún. Èyí tí kò yé wa ni Hilux tí kì í kúrò lórí ọ̀dà láàárín Bódìjà àti Agodi, tó ń gbé ènìyàn kan ṣoṣo àti àpò ìwé.

Ní ti ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á, ọ̀rọ̀ epo ti yí gbogbo ìṣirò padà. Táńkì Hilux ń gba nǹkan bí lítà 80. Kí ìjọba tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà, nítorí náà ènìyàn lè kún táńkì náà pẹ̀lú owó tí kò tó 16,000. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ti sún mọ́ 500 lọ́pọ̀ ibi. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá 1,000 ní ibi púpọ̀, kíkún ẹ̀ẹ̀kan sì ti wọ 80,000. Bí ìjọba bá ni ọkọ̀, àpò gbogbo wa ni owó yẹn ti ń jáde, dírẹ́bà kò tilẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ pé tìrẹ ni, ìwọ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Kí la wá fẹnu kò sí? Kò sí ìfẹnukò pátápátá, àwọn aríjiyàn wa ṣì ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tó ní ẹrù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọ̀nà oko rẹ̀ kò sì ṣeé gbà ní oṣù mẹ́rin nínú ọdún, bó bá rí mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ nítòsí, kó rà á, kó sì kó ẹrù àwọn aládùúgbò mọ́ ọn kí owó epo lè padà. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi iṣẹ́ ń fi owó ra irin tí yóò máa gbé rìn lásán ni. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá lè dá owó jọ ra ọ̀kan fún àjùmọ̀lò wù wá jù gbogbo rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa bèèrè lójú ẹsẹ̀ pé ilé ta ni yóò máa sùn sí.

Ọ̀nà oko Òkè-Ògùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọ̀kadà ló ń kó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ báyìí, àpò méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀yìn. Ní ìgbà òjò, ẹni tó wà á á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í gba inú ẹrẹ̀. Bó bá gbọ́ ìró Hilux lẹ́yìn, á tì í wọ inú igbó, á dúró kí ọkọ̀ náà kọjá, lẹ́yìn náà á tún àwọn àpò rẹ̀ dì, á padà sójú ọ̀nà.